Máàkì Láìsí Ẹ̀rí: Lórí Àwọn Ẹ̀rọ Tí Ń Dá Ẹjọ́ Iṣẹ́ Àwọn Ọmọ Wa

Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé gba orúkọ rẹ̀ láti ara àwọn tí ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ ọmọlàkejì jẹ. Nígbà tí a bá ń ka súrà náà, ọkàn wa a máa lọ sí ọjà, sọ́dọ̀ alágbàdo tí ó ti ìdí kóńgò bọ inú kí àgbàdo má baà gba ibẹ̀. A kì í ronú kan yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni máàkì jẹ́ òṣùwọ̀n. Òun ni wọ́n fi ń wọn ọmọ wa fún yunifásítì, fún owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, fún iṣẹ́ tí yóò ṣe jẹun lọ́la. Ẹjọ́ tí a gbé wá lónìí ni pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ ti ìdí kóńgò yìí bọ inú, àwa òbí sì ń wò wọ́n níran.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ rédíò NPR sọ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Prince George's County tí a ń gbé yìí. Olùkọ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ tí ó kọ sínú ẹ̀rọ kan tí ń sọ bóyá ènìyàn ni ó kọ ọ̀rọ̀ tàbí ọgbọ́n àtọwọ́dá tí à ń pè ní AI. Ẹ̀rọ náà fi í sí ohun tí ó lé díẹ̀ ní 30 nínú 100 pé AI ni. Wọ́n gé máàkì ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ó ní òun ni òun kọ ọ́. Nígbà tí oníròyìn béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ county wa, wọ́n ní àwọn kọ́ ni àwọn ra ẹ̀rọ náà, olùkọ́ ni ó lò ó fúnra rẹ̀, àti pé àwọn máa ń gba àwọn olùkọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má gbára lé irú rẹ̀ nítorí ó máa ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró síbí ná. Ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún! Bí a bá tilẹ̀ gbà pé ẹ̀rọ náà mọ ohun tí ó ń sọ, àádọ́rin ni ó wà lọ́dọ̀ ọmọ. Kádì wo ni yóò gé ọwọ́ ènìyàn lórí irú ẹ̀rí yìí? Nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tí ó pe ẹjọ́ ni ó ni ẹrù ẹ̀rí, kì í ṣe ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Nínú òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni a ti wá ń sọ fún ọmọ ilé-ìwé pé kí ó lọ wá ẹ̀rí pé òun kò jalè. Àwọn aláṣẹ tí wọ́n ní àwọn ti gbani nímọ̀ràn náà kò bọ́ nínú ẹ̀bi. Ìmọ̀ràn kì í ṣe òfin. Ẹni tí ó mọ̀ pé òṣùwọ̀n kan kò pé, tí ó sì jẹ́ kí wọ́n máa fi tà, báwo ni ó ṣe yàtọ̀ sí ẹni tí ń tà?

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ibi kan tí ó ti rí ọmọ níbi tí ó ti ń jí ọ̀rọ̀ kó. Kò rí nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ni ó ń wò. Bí ọ̀rọ̀ tí ó kàn bá jẹ́ èyí tí a lè tètè mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí àwọn gbólóhùn bá gún régé tí wọ́n sì rí bákan náà láti òkè dé ilẹ̀, a fura sí AI. Bí ọ̀rọ̀ bá ń yà sọ́tùn-ún yà sósì, a ní ènìyàn ni. Ìfura lásán ni, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ ní aṣọ ìṣirò.

Ta ni ó sì máa ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò ṣòro àti gbólóhùn tí kò yà bàrá? Ọmọ tí ó fi ilé-ìwé kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ tí ó kúrò ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí olùkọ́ rẹ̀ nílé ti fi pàṣán kọ́ pé kí ó má ṣe àṣìṣe, kí ó kọ ohun tí ó dá a lójú, kí ó tẹ̀lé ìlànà àròkọ. Ní ọdún 2023, Weixin Liang, James Zou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 jọ tí àwọn tí kì í ṣe elédè Gẹ̀ẹ́sì kọ fún ìdánwò TOEFL, wọ́n sì fi wọ́n sínú irú ẹ̀rọ yìí méje. Ènìyàn ni ó kọ gbogbo wọn. Síbẹ̀, bí a bá pín àṣìṣe àwọn ẹ̀rọ méjèèje dọ́gba, ohun tí ó lé ní 61 nínú 100 àròkọ náà ni wọ́n pè ní iṣẹ́ AI. Nínú àròkọ 91 náà, 89 ni ó kéré tán ẹ̀rọ kan fi ẹ̀sùn kàn. Nígbà tí wọ́n sì gbé àròkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó wà ní kíláàsì kẹjọ fún àwọn ẹ̀rọ kan náà, wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣìnà rárá. Ẹni tí ó bá ka èyí tí kò bínú, kí ó tún un kà.

Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ pàápàá mọ̀. OpenAI, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ChatGPT, ṣe ẹ̀rọ awádìí tirẹ̀, ó sì pa á tì ní oṣù Keje ọdún 2023 nítorí pé kò péye tó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Yunifásítì Vanderbilt ní ìpínlẹ̀ Tennessee pa ẹ̀rọ awádìí AI ti Turnitin. Ìṣirò wọn kò ṣòro: Turnitin ní àṣìṣe òun kò tó 1 nínú 100, iṣẹ́ 75,000 ni Vanderbilt fi ránṣẹ́ sí wọn ní ọdún 2022, bí ẹyọ 1 nínú 100 bá sì ṣìnà, iṣẹ́ bí 750 ni wọn ìbá ti fi ẹ̀sùn èké kàn. Yunifásítì olówó ṣe ìṣirò yìí, ó sì káwọ́ ró. Olùkọ́ tí ó ń fi ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wo iṣẹ́ ọmọ wa ní Hyattsville tàbí Lanham, ìṣirò wo ni ó ṣe?

Àwọn kan yóò sọ pé, ṣebí àwọn ọmọ ń jalè lóòótọ́? Wọ́n ń jalè. A kò bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí ChatGPT ń bá wọn kọ iṣẹ́ àṣetiléwá láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Jímọ́ọ̀, àwọn òbí kan sì wà tí wọ́n ń bá wọn jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá ń kọ lẹ́tà ìbéèrè fún owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Èrú ni, harámù sì ni. Olùkọ́ tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún láti ka iṣẹ́ wọn, a bá a kẹ́dùn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n pé olè wà lọ́jà kò sọ gbogbo ẹni tí ó gbé àpò dání di olè.

County wa kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò mọ ohun tí máàkì láìsí ẹ̀rí ń fà. Ní ọdún 2017, lẹ́yìn tí àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ké gbàjarè, Gómìnà Larry Hogan ní kí wọ́n wádìí, ìpínlẹ̀ Maryland sì gba ilé-iṣẹ́ Alvarez & Marsal sí i. Ìròyìn wọn jáde ní oṣù Kọkànlá. Máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní 5,000 ni wọ́n yí padà ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó ṣáájú ayẹyẹ ìjáde ọdún 2016 àti 2017. Nínú àwọn tí wọ́n yàn láti yẹ̀ wò, nǹkan bí 5 nínú 100 ni kò yẹ kí ó gba ìwé ẹ̀rí rárá. Àwọn bí 24 nínú 100 mìíràn kò ní ìwé tí ó tó láti fi hàn pé wọ́n yẹ. Nígbà náà, fífikún ni wọ́n ń fi kún un. Lónìí, gígé ni wọ́n ń gé e. Àrùn kan náà ni: nǹkan yí padà nínú ìwé máàkì, a sì béèrè ìdí, kò sí ẹni tí ó lè fi í hàn wá. Ọmọ tí wọ́n fún ní máàkì ọ̀fẹ́ ni wọ́n rẹ́ jẹ, nítorí ó lọ sí yunifásítì láìmọ ìwé. Ọmọ tí wọ́n gé máàkì rẹ̀ ni wọ́n rẹ́ jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yà sílé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, èsì ìdánwò UTME ti JAMB jáde ní Nàìjíríà. Nínú nǹkan bí 1,900,000 tí ó ṣe é, àwọn tí ó lé ní 1,500,000 ni kò gba 200 nínú 400. Kíá, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ọmọ: wọ́n ní ọ̀lẹ ni wọ́n, TikTok ni wọ́n ń wò. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ pàápàá ní èsì náà fi hàn pé a ti dí ọ̀nà màgòmágó ni. Àwọn ọmọ kan kò gbà; wọ́n ní èsì yìí kì í ṣe tàwọn. JAMB ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ láti ìta, wọ́n sì rí i pé àtúnṣe tí ó yẹ kí ó dé orí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá JAMB kò dé orí èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù. Ibùdó ìdánwò 157 ni ó kàn, àti akẹ́kọ̀ọ́ 379,997. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọ̀gá JAMB, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni àtúnṣe ìdánwò bẹ̀rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan bínú sí i títí di òní. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ẹ̀rọ bá ṣìnà lọ́wọ́ wọn ni ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ níbí?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìṣirò kọ̀ǹpútà tí Ofqual gbé kalẹ̀ rẹ máàkì A-level wálẹ̀ ní nǹkan bí 39 nínú 100 sí ohun tí àwọn olùkọ́ fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ tú jáde sí ìgboro. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni, ìjọba dá a padà.

Àwa tí a gba ilé-kéwú kọjá kò ṣàìmọ ọ̀nà tí ó dára ju èyí lọ. Ààfáà kì í wo wàláà nìkan kí ó tó sọ pé ọmọ ti mọ súrà. Ó máa ń ní kí ọmọ jókòó síwájú òun, kí ó kà á sí òun létí. Bí ó bá fura pé ńṣe ni ọmọ ń tẹ̀lé ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á dá a dúró, á ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò bá a lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa wo òkè àjà. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Olùkọ́ tí ó bá fura sí àròkọ kan lè pe ọmọ, kí ó ní: kí ni o ní lọ́kàn ní ìpínrọ̀ kejì? Èéṣe tí o fi lo ọ̀rọ̀ yìí? Ó lè ṣí ìtàn àtúnṣe nínú Google Docs, níbi tí yóò ti rí wákàtí tí ọmọ bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó pa rẹ́, ohun tí ó tún kọ. Ẹ̀rọ náà nìyẹn o! A kò bá ẹ̀rọ jà. Ẹ̀rọ tí ó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ kí a lè rí i jẹ́ ẹlẹ́rìí. Èyí tí ó kàn ju nọ́ńbà kan sílẹ̀ tí kò lè sọ ìdí, ó fẹ́ jẹ́ kádì.

Ohun tí ó dùn wá jù kò wá láti ilé-ìwé, inú ilé wa ni ó ti wá. Nígbà tí ìfìwéránṣẹ́ bá dé sórí fóònù pé ọmọ ti ṣe màgòmágó, ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè nǹkan kan. "O ti kó ìtìjú bá wa" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, nígbà mìíràn ọwọ́ á ti ṣáájú ọ̀rọ̀. A tọ́ wa pé olùkọ́ kì í parọ́, a sì mú ẹ̀kọ́ náà wọ ọkọ̀ òfurufú wá síbí. Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa nínú Súràtul-Hujuráàtì pé bí ìròyìn bá dé, kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a má baà fi àìmọ̀kan ṣe àwọn ènìyàn níbi. Ǹjẹ́ a ti wá yọ ọmọ tiwa kúrò nínú àwọn ènìyàn ni?

Òfin FERPA ti ọdún 1974 fún òbí ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì gbọdọ̀ fi í falẹ̀ ju ọjọ́ 45 lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ sì gbọdọ̀ bá òbí sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó yé e. Ìyá tí Yorùbá rọ̀ lọ́rùn lè béèrè ògbufọ̀, kì í ṣe ojú rere. Kí òbí lọ, kí ó jókòó, kí ó béèrè orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n lò, ohun tí ó sọ gan-an, àti ẹ̀rí mìíràn tí ó wà yàtọ̀ sí i. Bí kò bá sí òmíràn, kí ó ní kí wọ́n dá máàkì ọmọ padà títí wọn yóò fi rí i.

Lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ county wa, ohun tí a ń béèrè ni pé kí ìmọ̀ràn tí wọ́n ní àwọn ń fún olùkọ́ di òfin tí a kọ sílẹ̀: pé èsì ẹ̀rọ awádìí nìkan kò gbọdọ̀ gé máàkì ọmọ kankan, pé olùkọ́ gbọdọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀sùn tó wọ ìwé, àti pé kí a kọ ìdí sílẹ̀ nígbàkígbà tí máàkì bá yí padà, ìbáà gòkè, ìbáà wálẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú nígbà ìpàdé rẹ̀ ní Upper Marlboro. A ó lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, pàápàá òbí tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀, kí ó rí akọ̀wé ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ tí ń bọ̀, kí ó sì mú iṣẹ́ tí ọmọ náà kọ dání.