Ẹ̀dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ Inú Ṣúgà

Oṣù kìn-ín-ní ni, ní London, fulúù sì ti dá mi dùbúlẹ̀. Imú mi dí, ọ̀fun ń ta mí, gbogbo oríkèé ń ro mí bí ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ebè. Ìyàwó àbúrò mi wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó na túùbù kan sí mi tí kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ. "Bọ̀dá mi, ẹ dà á sábẹ́ ahọ́n. Ẹ má gbé e mì o, ẹ jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀." Hóró funfun wẹ́wẹ́ ni, ó dùn. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, ó tún gbé òmíràn wá. Ọjọ́ kẹta àìsàn mi nìyẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, mo ti ń bèèrè ọbẹ̀ ata.

Bí mo ṣe di ajíhìnrere nìyẹn. Páálí mẹ́ta ni mo rà kó bọ̀ wá sí Ìbàdàn, mo ń pín in kiri bí ẹni pín súwẹ́ẹ̀tì níbi ìkómọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó fi awò ojú ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Èdè Látìn ni. Nígbà tí mo tú u wò, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn pẹ́pẹ́yẹ ló pè é. Kì í tilẹ̀ ṣe pẹ́pẹ́yẹ àjèjì, irú èyí tí ojú rẹ̀ pọ́n kànkà, tó ń mi ìdí kiri ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ni.

Oscillococcinum lorúkọ oògùn náà, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń ṣe é. Joseph Roy, dókítà ológun kan níbẹ̀, ló fà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, tí fulúù ń pa ènìyàn bí eṣinṣin, ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, ó ní òun rí nǹkan róbótó méjì tó so mọ́ra, tó ń mì síwá mì sẹ́yìn. Ó wo ẹ̀jẹ̀ oníjẹjẹrẹ, ó tún rí i. Ó wo ti oníkọ́ ẹ̀gbẹ, ó wà níbẹ̀. Níkẹyìn ó rí i nínú ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹlòmíràn tó rí i. Fulúù tó ń bá wí yìí ló bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó lọ́dún 1918. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London tó rí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ mú lára ènìyàn, ó sì kéré débi pé irú awò tí Roy lò kò lè fi í han ẹnikẹ́ni.

Homeopathy ni wọ́n ń pe irú ìwòsàn yìí. Ará Jámánì kan, Samuel Hahnemann, ló dá a sílẹ̀, ẹ sì fetí sí ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1790, torí ọ̀rọ̀ náà yóò padà wá bá mi nílé: èèpo igi kuníìnì. Ìwé ìṣègùn kan ló ń túmọ̀, ó ka ìdí tí òǹkọ̀wé náà fi sọ pé èèpo yẹn ń wo ibà, kò gbà, ló bá jẹ ẹ́ wò nígbà tí ohunkóhun kò ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, àyà rẹ̀ ń lù, ó ní bí ibà ló ṣe rí lára òun. Ó wá gbà pé ohun tó bá ń kó àìsàn bá ẹni tí ara rẹ̀ dá ni yóò wo ẹni tó ń ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gún la fi ń yọ ẹ̀gún, àbí? Títí dé ibẹ̀, àgbàlagbà kan ní abúlé wa lè jókòó tì í kí wọ́n jọ mu ẹmu.

Omi ni ì bá yà wọ́n. Hahnemann ní bí a bá ṣe ń fi omi la oògùn tó, tí a sì ń mì í, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ti pẹ́pẹ́yẹ yìí, ti ará Rọ́ṣíà kan, Korsakov, ni. Ẹ mú igo epo pupa kan. Ẹ da epo inú rẹ̀ nù. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara igo, wọ́n kà á sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bu omi kún un, ẹ mì í jìgìjìgì, ẹ dà á nù. Ẹ tún bu òmíràn. Nílé tiwa, tí a bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a ó ní igo ti mọ́, a ó pọn omi mímu sí i. Wọn kò dúró níbẹ̀ o. Igba ìgbà ni wọ́n ń ṣe é. Kó tó di ìkẹtàlá, ó ṣòro kí mólékù kan ṣoṣo lára pẹ́pẹ́yẹ náà ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ ó sì ku nǹkan bí 187. Omi ìkẹyìn yẹn ni wọ́n ń wọ́n sórí hóró ṣúgà. Ẹlẹ́mu tó bá fomi la ẹmu lọ́jà Ọjọ́ọ́, èébú ló máa jẹ relé. Mi ò tíì rí i kó gba owó lé e pé ó ti le sí i.

Lọ́dún 1997, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé pẹ́pẹ́yẹ kan péré ló tó wọn lò fún ọdún kan gbáko. Wọ́n bi agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ náà bóyá oògùn ọ̀hún léwu. Èsì rẹ̀ ni pé kí ló fẹ́ léwu, nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó wù mí kí gbogbo agbẹnusọ máa sòótọ́ báyẹn.

Ẹnìkan á ní kí ló wá fi yàtọ̀ sí àgbo tiwa. Ó yàtọ̀. Àgbo ìyá tó ń polówó jẹ̀díjẹ̀dí láàárọ̀ ní nǹkan nínú, ẹnu yín gan-an á sọ fún yín. Nǹkan náà lè ṣeni lóore, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń pariwo pé kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Èyí tí kò sí níbẹ̀, kí la fẹ́ wọ̀n?

Cochrane, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, yẹ ìwádìí mẹ́fà lórí oògùn yìí wò, wọ́n gbé àbọ̀ jáde lọ́dún 2015: kò sí ẹ̀rí tó múná dóko pé ó ń dènà fulúù tàbí pé ó ń wò ó. Nínú àbọ̀ wọn tó ti kọ́kọ́ jáde, àǹfààní tí wọ́n rí níbẹ̀ kò tó wákàtí méje, nínú àìsàn ọ̀sẹ̀ kan! Lọ́dún 2017, àjọ ìlera ìjọba ní England ní kí àwọn dókítà wọn yé kọ homeopathy fún aláìsàn. Nígbà tó di 2021, Faransé, ilé oògùn pẹ́pẹ́yẹ fúnra rẹ̀, kò san kọ́bọ̀ lórí homeopathy mọ́.

Ta ló wá wo èmi sàn? Ọjọ́ kẹta ni mo lá ṣúgà, ìgbà tí fulúù gorí òkè téńté, tó jẹ́ pé ìsọ̀kalẹ̀ ló kù. Mo sùn bí òkú, ẹnikẹ́ni kò pè mí lórí fóònù, tíì gbígbóná ń wọlé tọ̀ mí láti ọwọ́ ẹni tó kúnlẹ̀. Ká ní ẹ̀kọ ló ń gbé fún mi ni, ẹ̀kọ ni ǹ bá máa wàásù rẹ̀ kiri. Ìsinmi, omi àti paracetamol ti tó ọ̀pọ̀ ènìyàn. Arúgbó, aláboyún, ọmọ ìkókó àti oníkọ́ fée ni kó tètè rí dókítà, torí oògùn tó ń bá fáírọ́ọ̀sì náà jà ní tòótọ́ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

N kì bá tí dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ rárá, bí kì í bá ṣe ti Ìyá Ẹlẹ́kọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Ara rẹ̀ gbóná, orí ń fọ́ ọ, ó ń gbọ̀n. Èmi dókítà pẹ́pẹ́yẹ ní fulúù ni, mo fún un ní túùbù mẹ́fà. Ní ọjọ́ kẹta, kò lè gbé ìkòkò ògì rẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: ibà. Àìsàn tí Hahnemann fi bẹ̀rẹ̀ gan-an! Kuníìnì inú èèpo tí ó jẹ yẹn ló ń pa kòkòrò ibà, kì í ṣe pé ó jọ ibà. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́nà igba, kòkòrò ibà á máa jó lọ. Oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún ìyá, ara rẹ̀ yá.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ọkọ mi, dìde, kò tíì pa mí," ló wí. Ó wá wo ọwọ́ mi. "Èyí tó kù ńkọ́? Ó dùn mọ́ ògì mi."

Mo lọ kó túùbù mẹ́rin tó ṣẹ́ kù wá. Ó tú wọn sínú ògì gbígbóná, ó rò ó, ó bi mí pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Mo ní pẹ́pẹ́yẹ ni.

Ó tẹjú mọ́ inú abọ́ náà. "Níbo ló wà?"