Kẹ̀kẹ́ Wo Ni Ó Yẹ Wá?

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, tí ìdíje eré kẹ̀kẹ́ orí títì gbogbo ayé kọ́kọ́ wáyé ní Áfíríkà, ní ìlú Kigali ní Rwanda, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ olówó ńlá kò kúrò lẹ́nu wa mọ́.

Àwa kò kẹ́gàn rẹ̀. Férémù kábọ̀n le, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ UCI, tí ń ṣe àkóso eré náà, fi ṣòfin pé kẹ̀kẹ́ ìdíje kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kìlógíráàmù 6.8 lọ.

Ṣùgbọ́n bí ó bá là láàárín Igbó-Ọrà àti Èrúwà, ta ni yóò tún un ṣe? Irin a máa tẹ̀ kí ó tó dá. Ajórin etí ọjà a sì jó o pọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Kábọ̀n kò ṣeé jó pọ̀. Bí ó bá fara gbọgbẹ́ nínú, ojú lè má rí i títí yóò fi dá lójijì. Sípóòkù 40 ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní. Bí ọ̀kan bá já, 39 ṣì ń gbé ẹrù. Ti ìdíje òde òní kì í sábà ju 24 lọ.

Bí kẹ̀kẹ́ olùkọ́ bá dá sọ́nà oko, àwọn ọmọ ni yóò jókòó lásán. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò díje ra kábọ̀n. Kí ẹni tí yóò kọ́ni ra irin. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.