Ẹ̀yin onílé Ìkàré àti Ọ̀kà, ẹ má fi ọmọ ìyá yín ṣe ejẹ́ńtì

Ọ̀pọ̀ ọmọ Àkókó tó ń ṣòwò l'Ékòó, n'Ìbàdàn àti l'Ábùjá ni kò ní péńṣàn tí ẹnikẹ́ni yóò san fún wọn lọ́jọ́ alẹ́. Ilé tí wọ́n kọ́ sí Ìkàré tàbí Ọ̀kà ni péńṣàn wọn. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń ta oògùn òyìnbó, èrè ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kó sínú búlọ́ọ̀kù àti pánù. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé oníṣọ́ọ̀bù tó máa ń ka ọjà rẹ̀ lálaalẹ́, tí kì í jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ ná náírà kan láì kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà ni yóò kó kọ́kọ́rọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá fún àbúrò rẹ̀ láì sí ìwé, láì sí owó iṣẹ́, tí yóò sì ní, "Ṣáà máa bá mi mójú tó o."

Bẹ́ẹ̀, ọjà gidi ni ilé ní agbègbè náà. Ìkàré ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn Àkókó, Ọ̀kà sì ni ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ọdún 1999 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó ti dá yunifásítì tó ń jẹ́ Adékúnlé Ajásin lónìí sílẹ̀ ní Àkùngbá, tó wà láàárín ìlú méjèèjì, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ti ń wá yàrá kiri. Àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ báńkì àti oníṣòwò náà ń wá ilé. Kò yẹ kí ilé tó dára di gbèsè sí onílé lọ́rùn níbẹ̀.

Kì í ṣe pé olè ni àbúrò. Ó lè jẹ́ tíṣà, ó lè jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, ó ṣáà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Ayálégbé tó jẹ owó ọdún kan lè jẹ́ àna rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà, ojú yóò sì máa tì í láti sin owó. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, owó ilé ló wà nílẹ̀, yóò mú un ná pẹ̀lú èrò pé òun yóò dá a padà. Bí atẹ́gùn òjò àkọ́kọ́ bá ṣí pánù, kò sí owó àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ̀, omi yóò máa jò títí sílìn yóò fi já lulẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bá béèrè ìṣirò ni ìjà yóò dé: "Ṣé olè lẹ̀ ń pè mí ni, bùọ̀dá?" Ìyá wọn yóò dá sí i, mọ̀lẹ́bí yóò jókòó, wọn yóò ní kí ẹ̀gbọ́n mú un mọ́ra. Owó ti lọ, àárín ọmọ ìyá náà ò sì dán mọ́rán mọ́.

Ibi tí ẹni tó fi àbójútó ilé ṣe iṣẹ́ ti wúlò nìyẹn. Yóò wádìí ayálégbé kó tó fún un ní yàrá, yóò kọ àdéhùn sínú ìwé, báńkì ni owó yóò gbà, ayálégbé yóò sì gba rìsíìtì. Yóò máa yẹ ilé wò kí ohun tó bàjẹ́ má baà di ńlá, yóò sì fi ìṣirò ránṣẹ́ sí onílé lásìkò tí wọ́n jọ dá. Nígbà tí wọ́n ti iléèwé pa ní oṣù kẹta, ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, onílé tí kò ní ìwé àdéhùn kò ní ohun tó lè tọ́ka sí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní òun kò ní san owó oṣù tí òun kò gbé.

Ó tún mọ òfin. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, oṣù mẹ́fà ni nótíìsì ayálégbé tó ń san owó lọ́dọọdún, lẹ́yìn náà ni nótíìsì ọlọ́jọ́ méje, kí wọ́n tó gba ilé ẹjọ́ lọ. Onílé tó bá fi ìbínú yọ ilẹ̀kùn lè di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ lórí ilé ara rẹ̀.

Owó iṣẹ́ wọn ló ń dẹ́rù ba àwọn kan. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà. Ká ní yàrá mẹ́wàá wà nínú ilé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦100,000 lọ́dún. Mílíọ̀nù kan náírà ni gbogbo rẹ̀, ₦100,000 sì ni owó alábòójútó. Iye tí yàrá kan ṣoṣo tó ṣófo fún ọdún kan yóò jẹ náà nìyẹn.

Òótọ́ ni pé gbájú-ẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ń pe ara wọn ní ejẹ́ńtì. Ẹni tó bá ní fóònù àti pátákó lè ní iṣẹ́ òun nìyẹn. Nítorí ìyẹn ló ṣe yẹ kí onílé béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, àjọ tí òfin ọdún 1975 dá sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ilé àti ilẹ̀, kó sì kọ àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀.

Ilé oníyàrá mẹ́rin lè kéré jù fún iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Onílé méjì tàbí mẹ́ta lè pa ilé wọn pọ̀ fún alábòójútó kan. Bó bá sì jẹ́ àbúrò náà ló kù, ẹ dá owó iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ayálégbé máa san owó tààrà sí báńkì, kí ẹ sì dá iye tó lè fi ṣe àtúnṣe láì kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ àbúrò ló ń ná owó ilé nítorí pé kò sẹ́ni tó dárúkọ owó iṣẹ́ fún un rí.

Ejẹ́ńtì tí kò bá ṣe dáadáa, ẹ lè lé e, kí ẹ gba òmíràn. Ọmọ ìyá ẹni ò ṣe é pààrọ̀.