Láti Apòmù dé Borno: Bí ará ìlú bá panu mọ́, kí ni ìbọn ṣọ́jà fẹ́ ṣe?

Awakọ̀ tó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ mọ Ìkirè dáadáa. Ibẹ̀ ni dòdò Ìkirè ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé. Apòmù, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, kò jìnnà sí i rárá. Oko kòkó àti igbó ló yí ìlú méjèèjì ká, ọ̀nà náà sì ti di ohun tí ń kọ arìnrìn-àjò lóminú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ojú ọ̀nà yìí làwọn agbébọn ti jí olùkọ́ àgbà kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí wà lára ohun tó mú kí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2020.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ohun ìjà ló gba ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn kan: àwọn kan ní kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn ńlá, àwọn mìíràn ní kí ìjọba kó ṣọ́jà dà sójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ṣáájú wọn. Ta ni yóò sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé àwọn àjèjì kan ti wọ igbó? Àgbẹ̀ tó ń lọ sóko kòkó ni, ọlọ́kadà ni, ọdẹ ni, obìnrin tó ń ta dòdò lẹ́bàá títì ni. Bí àwọn wọ̀nyí bá gbà pé tiwọn ni ìjọba ń ṣe, wọn yóò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbà pé ẹ̀ṣọ́ gan-an ni ewu wọn, wọn yóò panu mọ́. Orí èyí ni gbogbo ogun tí ìjọba bá ń bá ẹni tó fi igbó ṣe ilé jà dá lé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun lágbègbè yìí. Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ìjínigbé ló kó Apòmù sínú wàhálà tó mi gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, ọjà Apòmù ni àwọn oníṣòwò láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àwọn kan wá ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wá ná ọjà gbé, wọ́n ń tà wọ́n lẹ́rú. Oníkòyí àti Tóyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kó bá àwọn fòpin sí i. Òwu gbé ogun lọ, ó sì fìyà jẹ àwọn ìlú tí ọ̀rọ̀ kàn. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ló ni àwọn ìlú náà. Ìyà náà di ìbínú, ìbínú di ogun láàárín Ifẹ̀ àti Òwu. Nígbà tí ìjà mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀ nínú ọjà Apòmù kan náà nítorí atare, Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ifẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé Òwu tú. Ẹni tó lọ lé ajínigbé ló sọ gbogbo agbègbè di ọ̀tá ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àgbẹ́kọ̀yà fi ọ̀nà mìíràn hàn. Lọ́dún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà kọ̀ láti san owó orí tí wọ́n ní ó ti pọ̀ jù, nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan. Wọ́n ní 30 ṣílè ni àwọn lè san. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ rán ọlọ́pàá àti ṣọ́jà sí wọn, ẹ̀mí ṣòfò, síbẹ̀ ọ̀tẹ̀ náà kò rọlẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi n'Ìbàdàn, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣánnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìnáwó nígbà náà, lọ bá Táfà Adéoyè ní Akanran ni ọ̀rọ̀ tó lójú. Wọ́n gé owó orí náà sí pọ́n-ùn 2, wọ́n sì dá àwọn tó wà látìmọ́lé sílẹ̀. Kì í ṣe dídùn ẹnu Awólọ́wọ̀ nìkan ló ṣe é. Ohun tó ń dun àgbẹ̀ ni ìjọba mú kúrò.

Iléeṣẹ́ ológun kárí ayé mọ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Ọ̀gágun Gerald Templer dé Malaya lọ́dún 1952 láti bá àwọn Kọ́múníìsì jà, òun ló sọ ọ̀rọ̀ nípa jíjèrè ọkàn àti èrò ará ìlú di ohun tí àwọn ológun ń tẹnu mọ́. Àwọn Òyìnbó fi ọkọ̀ òfurufú da ìwé pélébé sínú igbó, wọ́n lo rédíò, wọ́n sì fi agbára kó nǹkan bí 500,000 ènìyàn lọ sí abúlé tuntun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣèlérí òmìnira, tí wọ́n sì mú un ṣẹ lọ́dún 1957, ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó wà nínú igbó.

Ní Borno, ará ìlú ló kọ́kọ́ ran ṣọ́jà lọ́wọ́. Lọ́dún 2013, àwọn ọ̀dọ́ Maiduguri mú igi àti àdá, wọ́n ń tọ́ka àwọn ọmọ Boko Haram tó wà láàárín wọn, wọ́n sì lé wọn kúrò nígboro. Ìyẹn ni Civilian JTF. Ṣùgbọ́n ẹnu ìjọba bà á jẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok lọ́jọ́ 14, oṣù kẹrin, ọdún 2014, iléeṣẹ́ ológun kéde pé gbogbo wọn ti jáde àyàfi 8. Àwọn òbí ní irọ́ ni, kíá ni wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n tún kéde pé Boko Haram ti gbà láti dáwọ́ ìjà dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti pa Shekau léraléra, àfìgbà tó kú lóòótọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọwọ́ àwọn ISWAP ni ọ̀rọ̀ sì ti bọ́ sórí fún un. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Àdó olóró tó bọ́ síbi tí kò yẹ tún burú ju irọ́ lọ. Ọkọ̀ òfurufú ológun ju àdó olóró sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, lọ́jọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 2017. Lọ́jọ́ 3, oṣù kejìlá, ọdún 2023, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Tudun Biri, ìpínlẹ̀ Kaduna, nígbà tí àwọn ará abúlé ń ṣe Màólùdì. Ó lé ní 80 ènìyàn tó kú. Ológun tọrọ àforíjì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀: àwọn ISWAP ń gba owó orí lọ́wọ́ apẹja àti darandaran lágbègbè adágún Chad, wọ́n ń gbẹ́ kànga fún wọn, wọ́n sì ń sọ pé àwọn sàn ju ìjọba lọ. Ó jọ pé ológun náà rí àṣìṣe yìí, torí orúkọ ogun tí wọ́n ń pè ní Lafiya Dole láti ọdún 2015, tó túmọ̀ sí pé àlàáfíà di dandan, ni wọ́n yí padà lọ́dún 2021 sí Hadin Kai, ìyẹn ìfọwọ́sowọ́pọ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ kò tó, ẹ̀bùn pàápàá kò tó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, àwọn ṣọ́jà ń ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ará ìlú ní ìpínlẹ̀ Anambra nígbà ogun Python Dance. Àhesọ kan tàn kálẹ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń gún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní abẹ́rẹ́ monkeypox. Àwọn òbí sáré lọ kó ọmọ wọn kúrò níléèwé. Oògùn náà kò ní àbùkù; ọwọ́ tó gbé e wá ni wọn kò fọkàn tán.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Ìkirè àti Apòmù kò le láti lóye. Anfààní ńlá ni Àmọ̀tẹ́kùn ní tí ṣọ́jà Borno kò ní: ọmọ ìlú ni wọ́n, wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ igbó, wọ́n mọ ilé ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ta wọ́n lólobó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orúkọ òun kò ní jáde. Bí ẹ̀ṣọ́ bá gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ tàbí tó na àgbẹ̀, kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ lójú ará ìlú. Bí wọ́n bá fi àṣìṣe mú ọ̀dọ́ tàbí darandaran tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kí wọ́n tètè jẹ́wọ́, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti Òwu. Bí àwọn ajínigbé bá ṣọṣẹ́, kí ìjọba sọ iye ẹni tí wọ́n kó, kó má dín in kù.

Àwọn ajínigbé mọ̀ pé ìdákẹ́ jẹ́ẹ́ abúlé ni odi wọn. Ìjọba tó bá fẹ́ wó odi náà ní láti kọ́kọ́ ṣe ohun tí yóò mú kí àgbẹ̀ inú igbó Apòmù rí ìdí láti la ẹnu rẹ̀.