Ọwọ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ kọsẹ̀

Akọ̀pẹ tó mọṣẹ́ ní agbègbè Ifangni kì í gun ọ̀pẹ láìdán igbà rẹ̀ wò. Ìdí igi ni yóò ti fi gbogbo ara fà á, nítorí bí igbà yóò bá já, ilẹ̀ ló sàn kí ó ti já. Irú ọgbọ́n yìí ni ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mú lò, pàápàá nísinsìnyí tí àwọn oníṣòwò Igolo, lẹ́nu ibodè Nàìjíríà, ti ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù.

Nínú fóònù Android kọ̀ọ̀kan, apá kan wà lábẹ́ gbogbo ohun tí ojú ń rí, tí wọ́n ń pè ní noyau lédè Faransé. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ekùrọ́, kò ní ṣàjèjì nílẹ̀ ọlọ́pẹ. Linux ni ekùrọ́ Android. Òun ló ń pín àyè fún ètò kọ̀ọ̀kan, òun ló sì ń darí kíkà àti kíkọ ohun tí ẹ̀rọ fi pamọ́. Bí ètò kan bá kọsẹ̀, ó lè dá kú. Bí ekùrọ́ bá ṣubú, gbogbo ẹ̀rọ ló bá a lọ.

Àwọn tó ń kọ ekùrọ́ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ètò kan yóò béèrè àyè tí kò sì ní sí. Wọ́n kọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe lọ́jọ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà wọ̀nyẹn fi lè wà fún ọdún púpọ̀ láìṣiṣẹ́ rí. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ń sá pamọ́ sí. Irinṣẹ́ tí Akinobu Mita kọ, tó wọ inú Linux ní 2007, ń mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún ekùrọ́: àyè wà, ó ní kò sí, ibi ìpamọ́ kò bàjẹ́, ó ní ó bàjẹ́. Ẹni tó ń lò ó ló ń yan iye ìgbà tí irọ́ náà yóò wáyé nínú 100. Ọ̀nà mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni wọn yóò kọ̀, lẹ́yìn náà ìkejì, lẹ́yìn náà ìkẹta, títí iṣẹ́ yóò fi parí láìsí ìkọ̀sílẹ̀ kankan. Ó jọ ìwà ìkà. Kì í ṣe ìkà rárá.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024, àtúnṣe kan tó lábùkù láti ilé iṣẹ́ CrowdStrike, tí ètò ààbò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ekùrọ́ Windows, da nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà dúró. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra, ilé ìwòsàn dààmú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí oríṣi ìdánwò tí yóò fi kún iṣẹ́ rẹ̀, dídá àbùkù sílẹ̀ ní àmọ̀ọ́mọ̀ sì wà nínú wọn. Ìlérí rere ni. Ó kàn pẹ́ ni.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ẹni tó ń kọ ekùrọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ yìí ṣeé darí sí ètò kan ṣoṣo, kódà ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọ̀fẹ́ ni Linux, kọ̀ǹpútà àlòkù sì tó o. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró níwájú àwọn olùkọ́ ní Abomey-Calavi láti gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, kí wọ́n má ṣe béèrè bóyá ètò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nìkan. Kí wọ́n béèrè iye ìgbà tó ti mọ̀ọ́mọ̀ gbé e ṣubú, àti ibi tí owó tó wà lójú ọ̀nà wọlé sí nígbà tó ṣubú.