Òfin Ọtí Kò Dé Ibi Ìnáwó Wa

Bí ọ̀dọ́ kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Deptford High Street láti ra ọtí, tí ojú rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni ọdún 25, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá. Èyí ń bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa nínú, a sì mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tó dàgbà ní gúúsù London mọ bó ṣe máa ń rí bí wọ́n bá ń fi ojú ọ̀daràn wo èèyàn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ọtí, ẹni tó wà ní kántà kò fẹ̀sùn kàn yín. Ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Licensing Act 2003, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ni òfin tó de ọtí títà ní England àti Wales. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ra ọtí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tà á fún un. Ẹni tó bá tà á, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ lásán, lè san owó ìtanràn tí òfin kò fi gbèdéke sí. Ìjọba ìbílẹ̀ Lewisham, tó ń fún àwọn ọlọ́tí Deptford ní ìwé àṣẹ, sì lè gba ìwé náà padà. Àgbàlagbà tó bá bá ọmọdé ra ọtí náà ti rú òfin. Nítorí náà, bí àbúrò yín ọmọ ọdún 15 bá na owó sí yín níwájú ṣọ́ọ̀bù pé kí ẹ bá òun ra ìgò kan, ẹ̀yin tí ẹ ti pé ọdún 18 ni òfin máa mú.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá àǹtí yín tajà ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lè dúró ní kántà, àmọ́ bí oníbàárà bá gbé ọtí wá, àgbàlagbà tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi ẹ̀yin nìkan sílẹ̀ níbẹ̀.

Títí débi yìí, òfin ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n títà ni òfin yìí ń ṣọ́. Níbi ìnáwó wa, a kì í ta ọtí. Olóde ló ń rà á, tó ń fi ṣe àlejò. Bí gbọ̀ngàn kò bá ní ìwé àṣẹ, tí kò sì sí ẹni tó san kọ́bọ̀ kan fún ọtí, kò sí ẹni tó máa béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú ilé ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nìkan ni òfin ní a kò gbọ́dọ̀ fún ní ọtí.

Ibi tí ihò wà nìyẹn. Òbí tí kò ní gbà kí ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ilé ọtí ló máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹ̀gbọ́n kan bá gbé ife fún ọmọ ọdún 13 níbi ọjọ́ ìbí pé kó tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2009 ni olórí àwọn oníṣègùn ìjọba England ti gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé ohun tó dára jù ni kí ọmọdé má mu ọtí rárá, pàápàá kó tó pé ọdún 15.

Àwọn kan á ní àṣà wa ni. Lóòótọ́, ọtí wà níbi ìsọmọlórúkọ, ó wà níbi ìtọrọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n ọmọdé ló ń gbé e fún àgbà, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń gbé e. Gbígbé kì í ṣe mímu.

Ẹ wo Nàìjíríà. Ní ọdún 2018, NAFDAC àti àwọn tó ń ṣe ọtí fẹnu kò pé wọn yóò fòpin sí ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kéékèèké, nítorí owó táṣẹ́rẹ́ ni ọmọdé fi ń rà á, àpò sì gbà á. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n dá. Nígbà tó pé, àwọn iléeṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ wọn figbe ta pé iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ìjọba sì tún sún un di ìparí ọdún 2025. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ọmọ ṣì ń rà á ní ibùdókọ̀.

Àwa kò ní láti dúró de ìjọba kankan. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹni tó bá ń ṣe ìnáwó fa tábìlì ọtí lé àgbàlagbà kan lọ́wọ́, kó má sì ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bu ọtí fúnra wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti pé ọdún 18, àwọn àbúrò yín ń wò yín ju bí wọ́n ṣe ń wo òbí lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bu díẹ̀ fún àwọn, ẹ sọ pé rárá. Bí ẹ bá sì rí ìwé aláwọ̀ búlúù lára ṣọ́ọ̀bù ìtòsí ilé ẹ̀kọ́ pé wọ́n fẹ́ gba àṣẹ ọtí, ọjọ́ 28 ni ẹ ní láti kọ̀wé sí Lewisham. Dídáàbò bo ọmọdé wà lára ohun mẹ́rin tí òfin ní kí wọ́n gbé yẹ̀ wò.