Omi Tó Ń Jò Lábẹ́ Ọkọ̀

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndò kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ yóò rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: ọkọ̀ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tí ooru ń rú jáde níbẹ̀ bí ìkòkò tó ń hó, tí awakọ̀ sì dúró tì í pẹ̀lú omi inú ọ̀rá lọ́wọ́. Bí ó bá bu omi sí i tán, yóò tún máa lọ. Lọ́la, yóò tún dúró.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni agbára wa ká. Kí ó tó dé ọwọ́ wa, rọ́bà inú rẹ̀ ti gan, ike ara rédíétọ̀ rẹ̀ sì ti ń sán. Kò burú. Ohun tó burú ni kí á sọ omi bíbù di ìtọ́jú.

Pọ́ọ̀ǹpù ló ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká láti gba ooru rẹ̀ lọ sí rédíétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbà á. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ń ràn án lọ́wọ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó ń jò díẹ̀díẹ̀ fi lè gbé yín dé Ìbàdàn láìsí wàhálà, kí ó sì wá dójú tì yín ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Omi lásán ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kúláǹtì tí a pò mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, lábẹ́ ìdérí rédíétọ̀ tó ṣì lágbára, ń kọjá 120 kí ó tó hó, kì í sì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Omi kànga ní èròjà ilẹ̀ nínú, èyí tó ń dì mọ́ ihò tóóró inú rédíétọ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tó ti ń jò? Ẹ tẹ́ páálì sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Omi tí kò ní àwọ̀ lè jẹ́ ti ẹ̀rọ amúlétutù. Èyí tó bá ní àwọ̀ ewé, pupa tàbí ọsàn ni kúláǹtì. Bí ó bá kán síwájú, ẹ fura sí rédíétọ̀ tàbí họ́ọ̀sì. Bí ó bá kán sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì, ẹ fura sí pọ́ọ̀ǹpù. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń tán láìkán sílẹ̀, tí èéfín funfun ń jáde ní sàlẹ́ǹsà láìdáwọ́ dúró, tí òróró ẹ́ńjìnnì sì dà bíi tíì oní mílíìkì, gáàsíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló ṣeé ṣe kí ó ti jó. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́.

Bí abẹ́rẹ́ ooru bá gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tan afẹ́fẹ́ gbígbóná sókè pátápátá, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì pa ọkọ̀. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná! Omi inú rẹ̀ yóò tú sókè, ojú àti àyà ni yóò sì bó. Ẹ dúró títí yóò fi tutù dáadáa.

Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ní kí ó fi èyí tó bàjẹ́ hàn yín. Bí ó bá ní òun yóò yọ thermostat sọnù nítorí pé ilẹ̀ wa ti gbóná tẹ́lẹ̀, ẹ má gbà. Òun ló ń mú ẹ́ńjìnnì dúró sí ìwọ̀n ooru tó yẹ ẹ́; láìsí i, epo púpọ̀ ni ọkọ̀ yóò máa jẹ.

Ìkìlọ̀ kan kù fún ẹ̀yin òbí: kúláǹtì máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá dé ibi tó dà sí.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Owó họ́ọ̀sì kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì, èyí tó lè kó owó ilé-ìwé àwọn ọmọ lọ. Láàárọ̀ Sátidé yìí, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ wo ìwọ̀n omi inú ike rẹ̀. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, ẹ wá ibi tó gbà lọ.